Sójà Tó Dúró Lápá Òsì

“Dókítà, ẹ má bínú,” ni ìyá mi wí. “Ẹ ò ní fi ọ̀bẹ kàn mí títí n ó fi mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà.”

Dókítà wo ojú mi. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó máa buwọ́ lùwé ni. “Mọ́mì, ọmọ yín rèé níbí. Ọmọ yín lè buwọ́ lù ú.”

“Mi ò sọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wí. Sójà ni. Láti ìgbà ogun abẹ́lé ni mo ti ń wá a.”

Bá a ṣe padà sílé ní Agége lọ́jọ́ náà nìyẹn, láìṣe ohun tá a bá lọ. Kókó kan wà níkùn ìyá mi. Dókítà ní kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó yọ ọ́. Nínú ọkọ̀, ìyá mi ò sọ̀rọ̀ kókó rárá. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni wọ́n ń sọ.

Gbogbo ilé wa ló mọ fọ́tò náà. Ó wà nínú férémù onígi lókè bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló jókòó sórí àga láàárín, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, gèlè ńlá lórí. Sójà kan dúró lápá ọ̀tún, sójà kan dúró lápá òsì. Ojú kan náà, imú kan náà, aṣọ kákí kan náà. Ìbejì ni wọ́n, àwọn ni ìyá àgbà kọ́kọ́ bí. Ìyá mi ni àbígbẹ̀yìn.

Èyí tó wà lápá ọ̀tún, a mọ ìtàn rẹ̀. Ó ti ojú ogun dé, ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Ìkẹjà, ó gba yàrá kan lẹ́yìn rélùwéè, ó sì kú nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo bá wọn dé ibi sàréè rẹ̀. Kò fẹ́yàwó. Ohun tí mo rántí jù nípa rẹ̀ ni pé bí òun nìkan bá wọlé wa, á ní, “A ti dé o.” Bí ìyá mi bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ìdajì, á fi àwo dé ìyókù, á ní, “A ti yó.” Àwa ọmọdé máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

Èyí tó wà lápá òsì, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà ogun, ọmọdé ni ìyá mi, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa wá bá ìyá wọn ní Agége, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n bá nílé. Wọ́n bèèrè èkejì. Ìyá àgbà ní kí wọ́n lọ fọwọ́ kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n tó wà nílé. Ìyẹn ní, “Ó wà.” Ọ̀rọ̀ parí.

Ọdún tí ìyá àgbà kú ni ìyá mi rí fọ́tò náà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Òǹtẹ̀ onífọ́tò kan ní Agége wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi gègé kọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ogun ti parí fún ọdún méjì gbáko nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò yẹn ló de ìyá mi mọ́lẹ̀.

“Bí ó bá bá ogun lọ,” ni wọ́n máa ń wí, tí wọ́n á fìka kan gíláàsì, “ta ló wá dúró ti ìyá mi yìí?”

Nítorí náà wọn ò ṣe fìdáù fún un rí. Ọdọọdún ni àáfáà ń wá gbàdúrà fún àwọn òkú ilé wa. Ọdọọdún ni ìyá mi ń ka orúkọ wọn fún un níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fo ti sójà apá òsì. “A kì í ṣe fìdáù fún alààyè,” ni wọ́n ń wí. “Èpè ni.”

Láti Ràmàdáánì tó kọjá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Kì í ṣe lójú àlá o. Ní ojú ọ̀sán ni, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, nígbà tí wọ́n bá jókòó ní fàráńdà. Wọ́n ní ó máa ń dúró ní òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, pẹ̀lú aṣọ kákí, kì í sì í wo ibòmíràn àfi ọ̀dọ̀ wa. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀. Mo rí ọkùnrin tó gbé búrẹ́dì gbígbóná kọjá. Nígbà kẹta, ìyá mi dìde lórí àga, wọ́n juwọ́.

“Màámi, ta lẹ̀ ń juwọ́ sí?”

“O ò rí i ni? Oníròyìn tí ò ríran!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà jókòó. “Gbọ́ mi dáadáa. Bí ó bá wà láàyè, mú mi lọ bá a. Bí ó bá ti kú, jẹ́ kí n ṣe fìdáù fún un, kó lọ sinmi. Ohun tí mi ò lè gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí n má mọ èwo nínú méjèèjì ni mò ń juwọ́ sí.”

Mo sọ fún wọn pé màá wádìí rẹ̀. Mo yọ fọ́tò náà nínú férémù.

Obìnrin kan wà nínú ọjà fóònù ní Ìkẹjà tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ ṣe pósítà ìsìnkú ń kó àwòrán òbí wọn lọ. Ó fi ẹ̀rọ ya fọ́tò wa sínú kọ̀ǹpútà, ó fẹ̀ ẹ́ títí ojú ìyá àgbà fi gba gbogbo àyè.

“Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan.” Ó na bírò sí i. “Ìlà kan gba àárín Màmá yìí kọjá. Láti orí gèlè dé ẹsẹ̀ àga. Ó tín-ín-rín bí irun.”

“Wọ́n ká fọ́tò náà ni.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ bo apá kan ojú wọn ná.”

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì. Ìyá kan ni mo rí tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó múra wá ya fọ́tò. Mo gbé ọwọ́ lọ bo ìdajì kejì. Ojú tó kù wú, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rọ̀ wálẹ̀, omi sì ń dán lẹ́bàá imú.

“Màmá yìí ń fi ojú kan sunkún,” ni obìnrin náà wí. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. “Mo ti tún fọ́tò òkú ṣe tí ò lóǹkà. Mi ò rí irú èyí rí.”

“Omi òjò ló bà á jẹ́.”

“Omi òjò ló wá mọ ibi tí ojú wà?” Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, ó sì pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níṣojú mi. Ó ní kò gbọdọ̀ sùn mọ́ òun nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo kọ “omi òjò” sínú ìwé àjákọ mi. Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé kí n máa wá ẹlẹ́rìí, kí n fi ohun tó ń já èèyàn láyà sílẹ̀ fún àwọn tó ní àsìkò rẹ̀. Ohun tí mo mú nínú fọ́tò tó tóbi náà ni ọwọ́. Sójà apá ọ̀tún fi ọwọ́ ọ̀tún di fìlà ológun rẹ̀ mú. Sójà apá òsì fi ọwọ́ òsì di tirẹ̀ mú. Ìyá mi sì ti sọ fún mi tipẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń lo ọwọ́ òsì, tí ìyá àgbà á máa gbá a lọ́wọ́ bó bá fẹ́ fi jẹun. Mo ti rí àmì tí màá fi wá ọkùnrin náà.

Ilé iṣẹ́ ahunṣọ náà kò hunṣọ mọ́. Apá kan rẹ̀ ti di ilé ìjọsìn, apá kejì ti di ibi ìkẹ́rùsí, igi ti hù gba òrùlé èyí tó kù jáde. Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà wọlé ṣì wà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà júwe òpópónà kan fún mi lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, níbi tí àwọn kan nínú àwọn ahunṣọ àtijọ́ ṣì ń gbé. Bàbá kan ló dá mi lóhùn níbẹ̀, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú singílẹ́ẹ̀tì. Ṣíìfù ọ̀sán ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣe.

Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tó ti gba fọ́tò lọ́wọ́ mi.

“Àwọn sójà méjì! Mo mọ̀ wọ́n. Ti àárọ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ le bí ojú àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Tọ̀sán ni tiwa. Ẹ̀fẹ̀ ló kún ẹnu ìyẹn! Bí ẹ̀rọ ṣe ń pariwo tó, tó bá ń súfèé, à ń gbọ́ ọ.”

“Ọwọ́ wo ló fi ń ṣiṣẹ́, bàbá?”

“Òsì! Tí òwú bá já, òsì ló fi ń so ó. Ọ̀gá wa á ní, ‘Ìwọ ọlọ́wọ́ òsì, má ba òwú mi jẹ́ o.’ Á ní, ‘Ọ̀gá, ọwọ́ tó gbèjà yín lógun náà nìyí.’ Ọ̀gá á bú sẹ́rìn-ín, á sá lọ.”

“Ẹ dá a lójú pé èèyàn méjì ni wọ́n?”

Bàbá náà wò mí bí ẹni tó rí aláìmọ̀kan. “Káàdì méjì ló wà lára ògiri. Orúkọ méjì. Ìyáàfin, mo bá ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé iwin ni mò ń bá jẹun ni?”

Mo bi í léèrè ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Ó ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ pa ṣíìfù ọ̀sán rẹ́ ni. Gbogbo wọn lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó pàdé ti àárọ̀ ní ìsàlẹ̀ afárá Agége, ó bèèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló wí?”

“Ó ní, ‘Ó wà.’ Ó wo ilẹ̀, ó kọjá.”

Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé mi. Ìdáhùn tó fún ìyá mi náà nìyẹn, bákan náà, láìlé láìdín.

Ẹlẹ́rìí kejì jẹ́ sójà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ló fi ọ̀nà rẹ̀ hàn mí. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn rélùwéè, tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ife tíì á máa rìn lórí tábìlì. Òun àti àwọn ìbejì náà wọṣẹ́ ológun lọ́jọ́ kan náà. Ó di fọ́tò mú jìnnà sí ojú rẹ̀.

“Odò kan wà tá a gbà kọjá,” ló bẹ̀rẹ̀. “Omi dé ọrùn. Ọ̀kan nínú wọn lọ sísàlẹ̀ níwájú mi. Kò ké. Fìlà ẹ̀ ló léfòó. Ẹni tó gúnlẹ̀ jókòó sétí odò, ọ̀gá pè é, kò dáhùn. Mo fà á, kò dìde. Nígbà tó yá ó dá dìde. Ó gbé ẹrù tiẹ̀ kọ́ èjìká, ó gbé ti èkejì kọ́ èjìká. Ẹrù méjì ló gbé títí ogun fi parí. Bá a bá ní ká ràn án lọ́wọ́, á ní, ‘Oníkálukú wa ló ń gbé tiẹ̀.’ ”

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń rò ó nínú mi pé iṣẹ́ mi parí, pé ó kú. Bàbá náà bá gbé ọwọ́ sókè.

“Dúró. Má tíì pa ìwé ẹ dé. Nígbà tí mo kúrò níṣẹ́ ológun tí mo wá gba yàrá sí Agége níbí, mo rí wọn. Mo rí onídákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Mo rí onífèé lọ́sàn-án, lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wọn. Ó kí mi! Ó pe inagijẹ tí wọ́n ń pè mí lójú ogun. Èmi ni mo wá sọ fún ara mi pé omi ló ṣì mí lójú.”

“Ẹ ò bi í pé báwo ló ṣe yọ?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó kú lójú ẹ, tó wá ń kí ẹ ‘ẹ kú ọ̀sán’ ní Ìkẹjà, wàá bi í pé kí ló dé tó ò kú?”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, ife tíì rìn dé etí tábìlì, bàbá náà gbá a mú láìwò ó.

Nínú iṣẹ́ wa, ẹlẹ́rìí méjì àti fọ́tò kan tó. Mo ti fi èyí tó kéré sí i kọ ìròyìn ojú ewé kìíní rí. Nítorí náà mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo ní, “Màámi, ó padà dé láti ogun. Wọ́n rí i ní Ìkẹjà. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.”

Ìyá mi forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n gbá yàrá kejì, wọ́n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ra sálúbàtà ọkùnrin ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí wọ́n fojú bù. Wọ́n pe dókítà fúnra wọn. Wọ́n ní kó ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n àwọn ló máa mú àwọn wá sílé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú oṣù kan. Oúnjẹ ò fẹ́ dúró nínú wọn mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ná, kí n máa wá a lọ.

“Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé,” ni wọ́n wí. “Látìgbà tó o ti wá jíṣẹ́ yẹn, ó ti sọdá. Apá ọ̀dọ̀ wa ló ń dúró sí báyìí.”

Mo jáde lọ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí nǹkankan níbẹ̀ ju gọ́tà àti ògiri tó móoru lọ. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ́.

Ẹni tó kù tí mi ò tíì rí ni onífọ́tò. Mo ti kọ́kọ́ fojú fò ó nítorí pé ibi ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú òǹtẹ̀ náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo wá bèèrè níkẹyìn, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ nàka sókè. Òkè ilé náà ni onífọ́tò ń gbé, òun ló ni ilé. Bàbá arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ti dúdú títí láé nítorí oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́.

Mo fi fọ́tò náà lé e lọ́wọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àárín ló wò tààrà, níbi ìlà yẹn.

“Iṣẹ́ mi ni,” ló wí. “Ìlà yìí ṣì ń dùn mí. Mi ò gbé páálí náà gún.”

“Páálí wo, bàbá?”

Ó wò mí. “Ta ló ni wọ́n?”

“Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n.”

“Wọn ò wá sọ fún ẹ?” Ó mí kanlẹ̀. “Jókòó. Láyé ìgbà yẹn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn tí ẹ̀sìn ò jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère mọ́, ọ̀dọ̀ àwa onífọ́tò ni wọ́n ń bọ̀. A ó ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, a ó yà á lápá kan. A ó gbé páálí sí ìdajì kejì, a ó yà á lápá kejì. Tó bá dé orí ìwé, wọ́n á pé méjì. Kò sí onífọ́tò tí ò mọ̀ ọ́n ṣe. Àgbàlagbà tó bá rí i á ti mọ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Ìyá ìbejì ò fẹ́ gbọ́ ‘ó kú’ létí.”

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń jiyàn. “Ìyá àgbà jókòó láàárín.”

“Ìyẹn gan-an ló le. Mo ní kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní rárá, àárín ọmọ àwọn méjèèjì làwọn máa jókòó sí. Mo ní, ‘Ìyá, ẹ ò gbọdọ̀ mira nígbà náà. Bẹ́ ẹ bá mira, orí yín á di méjì.’ Mo ya apá ọ̀tún. Mo yí páálí. Ọmọ náà gba ẹ̀yìn àga kọjá lọ sí òsì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò yíjú wò ó. Wọn ò mira. Ìgbà tí mo wo inú kámẹ́rà, omi ti ń ṣàn lójú wọn. Mo ní, ‘Ìyá, ẹ nujú.’ Wọ́n ní, ‘Ìwọ lo ní kí n má mira. Yà á.’ ”

Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ nísàlẹ̀ pariwo, ẹnì kan ti jẹ. Bàbá náà dúró kí ariwo lọ.

“Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí. Lápá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di fìlà mú. Nígbà tó fi máa yọ lápá òsì, ó ti bọ́ sọ́wọ́ òsì. Mi ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká ẹ̀ rọ̀. Ẹ̀rín wà létè ẹ̀. Ó ń súfèé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ti ya ìbejì oníkan púpọ̀, gbogbo wọn máa ń dúró bí igi lápá kejì, torí wọ́n mọ̀ pé àyè òkú ni wọ́n wà. Èyí ò dúró bí igi. Mo bi í pé, ‘Ìwọ èwo ni?’ Ó ní, ‘Ya fọ́tò.’ ”

Mo jáde síta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé náà. Ìbéèrè kan wà tí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn lánàá kò gbọdọ̀ gbàgbé. Mo ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe bàbá ahunṣọ lórí fóònù.

“Bàbá, ṣé ẹ rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ rí? Kí wọ́n dúró síbì kan náà?”

“Kí ló dé? Ti àárọ̀ á jáde ní géètì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Á lọ síbi ẹ̀rọ omi lóde, á bọ́jú. Lẹ́yìn náà ni tiwa á wá…” Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. “Tiwa á wá láti ibi ẹ̀rọ omi.”

“Bàbá?”

“Ojú ẹ̀ máa ń tutù,” ló wí. “Nígbà tó bá ń kí mi. Omi ṣì máa ń wà létí ẹ̀.” Ó pa fóònù. Nígbà tí mo tún pè é, kò gbé e.

Mo lọ bá bàbá sójà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó lọ sísàlẹ̀ odò, bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni àbí ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ó mi orí. “Ọwọ́ méjèèjì la fi gbé ìbọn lé orí. Kò sí ọ̀tún, kò sí òsì nínú omi yẹn.”

“Èyí tó gúnlẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ wo ló fi ń jẹun lẹ́yìn náà?”

Ó rò ó. “Méjèèjì,” ló wí.

Mi ò kúnlẹ̀ nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́ bí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe sọ ọ́, mo sì ní kí wọ́n foríjì mí fún ìròyìn àkọ́kọ́. Mo ti ń retí ẹkún. Wọ́n gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ bo ìdajì ojú ìyá wọn, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n bo ìdajì kejì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí.

“Ìyá mi mọ̀,” ni wọ́n wí níkẹyìn. “Wọ́n mọ̀, wọ́n ní kí n lọ fọwọ́.”

Lẹ́yìn náà: “Gbogbo ‘a ti dé, a ti yó’ yẹn, mo rò pé ìgbéraga sójà ni. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Wọ́n dojú fọ́tò náà dé orí itan. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà. “Ta ni mo sin ní Agége?”

“Màámi…”

“Orúkọ ti apá ọ̀tún la pè lórí sàréè. Bí ti apá òsì ló gúnlẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ òun ló padà wá, tó ń dákẹ́ láàárọ̀ kí èkejì ẹ̀ lè máa rí ibi gbé, tó wá ń di ara ẹ̀ lọ́sàn-án nìkan? Orúkọ ta ni mo fi ránṣẹ́ sí Ọlọ́run?”

Mo bi wọ́n pé níbo ló wà báyìí, ẹni tí wọ́n ń rí. Wọ́n gbójú sókè wo ọ̀nà àbáwọlé yàrá, wọ́n sì yára gbé ojú kúrò.

“Pe àáfáà fún mi,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà, kí o sọ fún dókítà pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.”

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní ńlá sí pálọ̀, kí n sì fi àyè méjì sílẹ̀ ní apá ògiri. Àáfáà dé pẹ̀lú àwọn méjì tó máa ń bá a ka Kùránì. Ó bọ́ bàtà, ó fẹ́ jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn àyè náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, àáfáà, ẹ sún síwájú díẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn.”

Ó sún, ó bojú wo ibi tó fẹ́ jókòó sí, kò sì bèèrè nǹkankan. Ó ṣí ìwé. “Ìyá, òkú ta ni?”

“Àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ìbejì.”

“Méjèèjì? Èyí tó kú ní Agége, a ti ṣe tiẹ̀ nígbà náà. Mo wà níbẹ̀, ilé kéú ni mo ṣì wà.”

“Ẹ tún un ṣe.” Ìyá mi ti to ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ti fa ìbòrí wọn wá síwájú. “Ọ̀kan kú sódò lójú ogun. Ọ̀kan kú ní Agége. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ pè, kí ẹ pè wọ́n pọ̀. Ẹ má bi mí pé èwo ni èwo, mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn náà lè má mọ̀ ọ́n mọ́.”

Àáfáà wò mí. Mo sorí kọ́. Ó pe orúkọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láìdánu dúró láàárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.